Ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti igi ẹ̀bá títì ní Bogotá

Bogotá, olú ìlú orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wà lára àwọn ìlú tí orúkọ wọn máa ń tètè jẹyọ níbi tí àwọn tó ń ṣètò ìlú bá ti ń jíròrò bí wọ́n ṣe lè gba ojú títì lọ́wọ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì fi fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ohun mẹ́ta ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde: Ciclovía, ìyẹn àwọn títì tí wọ́n máa ń tì mọ́ ọkọ̀ lójú ní gbogbo ọjọ́ Àìkú; ciclorruta, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là lọ́tọ̀ fún ìrìn ojoojúmọ́; àti ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n gbà padà fún ẹlẹ́sẹ̀. Igi ẹ̀bá títì ìlú náà kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ lókè òkun, ṣùgbọ́n wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ níhìn-ín ni kẹ̀kẹ́ ológeere, ìyẹn básíkù, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò.

Bí ìlú náà ṣe rí

Orí ilẹ̀ gíga ni Bogotá wà, nǹkan bíi 2,600 mítà sókè ju ojú òkun lọ. Otútù díẹ̀ máa ń mú níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, òjò kì í sì í jìnnà. Àwọn òkè ńlá, tí Monserrate àti Guadalupe wà lára wọn, tò bí ògiri sí ìhà ìlà oòrùn. Láti ẹsẹ̀ àwọn òkè yìí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè lọ kìlómítà púpọ̀ láìgun òkè kankan. Carrera ni wọ́n ń pe títì tó bá òkè rìn láti gúúsù sí àríwá. Èyí tó dábùú rẹ̀ ni calle. Nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Carrera 7, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Séptima, ni ọ̀pá ẹ̀yìn ìlú náà.

Eré kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará Kòlóḿbíà. Ọdún 1951 ni ìdíje Vuelta a Colombia ti bẹ̀rẹ̀. Luis Herrera gba Vuelta ti ilẹ̀ Spéìnì ní 1987, Egan Bernal tó dàgbà ní Zipaquirá, ìlú tí kò jìnnà sí Bogotá, sì gba Tour de France ní 2019. Àmọ́ ká máa gbọ́ ìròyìn eré kẹ̀kẹ́ lórí rédíò, ká máa pariwo, yàtọ̀ sí ká gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Títí di àárín àwọn ọdún 1990, nínú gbogbo ìrìn tí àwọn ará Bogotá ń rìn lójúmọ́, èyí tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ciclovía

Ìwọ́de ni ìpìlẹ̀ Ciclovía. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1974, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé kẹ̀kẹ́ wọn jáde sí Carrera 7 àti Carrera 13 láti fẹ̀hónú hàn pé ọkọ̀ ti gba ìlú tán, àti pé kò sí ibi tí ọmọ ènìyàn ti lè najú mọ́. Jaime Ortiz Mariño, ayàwòrán-ilé, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Ọdún 1976 ni ìjọba ìlú fi àṣẹ sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì wá rẹ̀yìn díẹ̀. Ọdún 1995 ni nǹkan yí padà, nígbà tí àjọ eré ìdárayá àti ìgbafẹ́ ìlú náà, IDRD, gbà á sọ́wọ́ lábẹ́ Guillermo Peñalosa. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, ọ̀nà náà ti lé ní 100 kìlómítà. Lónìí, nǹkan bíi 120 kìlómítà ni, ó sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Bí ojú ọjọ́ bá dára, àwọn tó ń jáde máa ń lé ní mílíọ̀nù kan.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣàkíyèsí ni pé wọn kò kọ́ ohunkóhun láti fi ṣe é. Títì tí ọkọ̀ ń gbà lọ́jọ́ Ajé náà ni. Kí aago méje tó lù, wọ́n á ti fi ìdènà dí àwọn oríta. Níbi tí títì bá ti pín sí apá méjì, wọ́n á fi apá kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, wọ́n á sì ti èkejì pa. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní guardián, ìyẹn olùtọ́jú, máa dúró sí ìkọríta, wọ́n á wọ aṣọ kan náà, pátákó kékeré tó lẹ́sẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ wọn. PARE ni wọ́n kọ sára pátákó náà, “dúró” nìyẹn lédè Sípáníìṣì. Bí ó bá kan ọkọ̀ láti kọjá, olùtọ́jú á gbé pátákó sókè síwájú àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á sì dúró: bàbá tó gbé ọmọ sẹ́yìn, ìyá àgbà tó mú ajá rẹ̀ dání, géńdé tó wọ aṣọ eré ìdíje tó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú yìí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó ń fi iṣẹ́ náà ṣe ìsìnlú tí ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀bá ọ̀nà di ọjà. Àwọn kan ń fún oje ọsàn, àwọn kan ń ta èso tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú ife, àwọn tó ń lẹ táyà sì ti tẹ́ irinṣẹ́ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú páńpù. Ní àwọn pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á gbé pèpéle kalẹ̀, wọ́n á fi orin sí i, olùkọ́ kan á máa fò lókè, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn á sì máa fò tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Recreovía ni wọ́n ń pe èyí. Bí aago méjì bá lù, wọ́n á kó ìdènà kúrò, títì á sì tún di ti ọkọ̀.

Ìlú púpọ̀ ti wá wòye rẹ̀ lọ. Guadalajara ní Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2004, Los Angeles sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú orúkọ CicLAvia, èyí tó fi ibi tó ti wá hàn gbangba.

Ẹ̀gbẹ́ títì

Ọjọ́ Àìkú ló rọrùn. Kò sí ẹni tó bínú títí nítorí pé wọ́n ti títì pa fún wákàtí méje. Ti ẹ̀gbẹ́ títì ló dá ìjà sílẹ̀.

Antanas Mockus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tó di olórí ìlú ní 1995, kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀fẹ̀. Ó kó àwọn òṣèré tí kì í fọhùn, tí wọ́n fi ẹfun kun ojú, sí oríta. Bí awakọ̀ kan bá dúró lé orí ìlà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá, òṣèré náà kò ní bá a jà, kò sì ní kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ńṣe ni yóò máa sín awakọ̀ náà jẹ, yóò máa ti ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó lágbára láti tì í, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ni wọ́n fi ṣe ẹgba. Wọ́n tún kun ìràwọ̀ sójú títì níbi tí ọkọ̀ ti pa ẹlẹ́sẹ̀.

Enrique Peñalosa, ẹ̀gbọ́n Guillermo, tó ṣe olórí ìlú láti 1998 sí 2000, kò fi ọ̀ràn náà ṣe ẹ̀fẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà náà, orí ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń gbé ọkọ̀ sí, ẹlẹ́sẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ọkọ̀ tó ń sáré. Peñalosa ri òpó kúkúrú mọ́ etí títì ní ọ̀nà púpọ̀ kí ọkọ̀ má baà lè gùn ún. Inú bí àwọn onísọ́ọ̀bù, wọ́n ní oníbàárà àwọn kò ní ríbi dúró sí, àwọn kan sì dìde láti yọ ọ́ nípò kí sáà rẹ̀ tó pé. Wọn kò rí i yọ. Kí ó tó dé, JICA, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Japan, ti dábàá pé kí Bogotá kọ́ àwọn títì ńlá olókè. Ó kọ̀ ọ́, ó sì kó owó sórí pápá ìṣeré, ilé ìkàwé, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti TransMilenio, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, ìlú náà lo odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan láìsí ọkọ̀ aládàáni lójú títì. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ó máa wáyé lọ́dọọdún.

Alameda El Porvenir ló ń ṣàlàyé èrò rẹ̀ jù. Nǹkan bíi 17 kìlómítà ni ọ̀nà náà, ó la àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù kọjá ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ nìkan ló sì wà fún. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ọ̀dà ti dé orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ní mọ́tò.

Láàárín ìlú àtijọ́, Eje Ambiental ló yẹ ní wíwò. Odò San Francisco ló ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi ṣe títì Avenida Jiménez. Ayàwòrán-ilé Rogelio Salmona, pẹ̀lú Luis Kopec, tún ibẹ̀ ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990. Bíríkì pupa ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣe àwọn adágún kéékèèké tí omi ń ti inú ọ̀kan ṣubú sínú èkejì ní ìtẹ̀lé ipa odò náà, nítorí náà ni ọ̀nà ọ̀hún kò fi tọ́. Wọ́n gbin ọ̀pẹ onída ilẹ̀ Andes (palma de cera), igi àpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè náà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi inú àwọn adágún náà kì í fìgbà gbogbo mọ́. Lẹ́yìn 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ apá kan Séptima, láti Plaza de Bolívar lọ sókè, di ti ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú.

Àbùkù kan wà tí gbogbo ará Bogotá mọ̀. Síláàbù ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì wọn, lórí iyanrìn. Bí ọ̀kan bá tú, omi òjò á gbá jọ sábẹ̀ rẹ̀, kò sì ní hàn lójú. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ lé e, omi ìdọ̀tí á ta sókè dé orúnkún.

Igi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, wọ́n ti gé igi orí àwọn òkè ìlà oòrùn fi dáná tán. Eucalyptus, páìnì àti sípírẹ́sì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi dípò. Nínú ìlú, urapán, igi ilẹ̀ Ṣáínà, ló gbilẹ̀ lẹ́bàá títì nítorí pé ó tètè dàgbà. Lára àwọn igi ilẹ̀ Kòlóḿbíà tó wà níbẹ̀ ni nogal, tí í ṣe igi àpẹẹrẹ ìlú Bogotá, roble, àti caucho sabanero tó jẹ́ ìbátan ọ̀dán wa. Ìwà ọ̀dán náà ló ń hù: ìbòòji rẹ̀ gbòòrò, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń gbé síláàbù sókè. Park Way, ọ̀nà ìrìn onígi tó wà láàárín títì ní àdúgbò La Soledad, wá láti ọwọ́ Karl Brunner, ará Austria tó ṣètò apá púpọ̀ nínú ìlú náà láti àwọn ọdún 1930.

Ọgbà Ewéko José Celestino Mutis, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, ló ń gbin igi ẹ̀bá títì, òun ló sì ń tọ́jú wọn. Wọ́n ti ka àwọn igi náà, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SIGAU. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú igi tó wà níwájú ilé rẹ̀ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Onílé kò lè dédé gé igi tó wà ní gbangba, àfi kí iléeṣẹ́ àyíká ìlú fọwọ́ sí i. Èyí kò dá àríyànjiyàn dúró: nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gé àwọn urapán tó ti gbó láti fi igi kékeré rọ́pò wọn, àwọn ará àdúgbò jáde wá di igi mú.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́

Ìgbà Peñalosa ni ciclorruta di púpọ̀. Orí ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìgbà yẹn sí, ìlà nìkan ló pín in pẹ̀lú ti ẹlẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í: ẹlẹ́sẹ̀ ń ya wọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ń tẹ aago lé e lórí, ọ̀nà náà á sì já ní gbogbo oríta. Àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wá sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, ọkọ̀ sì pàdánù ipa kan. Lónìí, gbogbo rẹ̀ lé ní 500 kìlómítà, nígbà tó sì di 2019, ìrìn tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn ti wà láàárín ìdá 6 àti 7 nínú ọgọ́rùn-ún.

Claudia López gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti búra fún un gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú ní ọjọ́ kìíní ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù Kẹta, tí ẹ̀rù bọ́ọ̀sì ń ba ènìyàn, ìjọba rẹ̀ fi kóònù pín ojú títì, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà kún ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọgbọ́n ọjọ́ Àìkú náà ni. Wọ́n sọ díẹ̀ nínú wọn di ti títí láé. Ní 2022, kẹ̀kẹ́ àyálò ti gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ 3,300 àti ibùdó 300.

Olè ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn ibi kan wà, pàápàá abẹ́ afárá àti etí odò, tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kì í dá gbà lálẹ́. Wọ́n máa ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó kọjá. Ìlànà yìí náà ni Al Colegio en Bici, ètò tí ìjọba fi ń mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ń tẹ̀ lé. Àwọn ọmọ á pàdé níbi kan ní àárọ̀, wọ́n á dé akoto, wọ́n á tò tẹ̀ léra wọn, afinimọ̀nà kan á wà níwájú, òmíràn á wà lẹ́yìn, wọ́n á sì máa gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.