Ta Ló Dúró fún Onídùúró?

Kò sí yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìkànnì rẹ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ sí òun. Ojúlówó ń kọ ọ́, ayédèrú náà ń kọ ọ́, ti ayédèrú ló sì sábà máa ń tóbi jù. Nítorí náà, "ṣé wọ́n fọwọ́ sí i?" kì í ṣe ìbéèrè tó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ jìbìtì. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé ta ló fọwọ́ sí i, ta ló sì fún onítọ̀hún láṣẹ láti máa fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tó fẹ́ yáwó ń mú onídùúró wá. Ayánilówó tó gbọ́n kì í wo aṣọ ọrùn onídùúró, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wá. Bí ó bá jẹ́ ayáwó fúnra rẹ̀ ló lọ háyà rẹ̀ lánàá, kò sí onídùúró níbẹ̀ rárá. Bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn: wọ́n á dá yunifásítì sílẹ̀, wọ́n á dá àjọ tí yóò fọwọ́ sí i sílẹ̀, wọ́n á ṣe ìkànnì fún méjèèjì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí Axact, iléeṣẹ́ kan ní Karachi tó ń ta dìgírì lórúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí níbì kankan. Àwọn àjọ ìfọwọ́sí ayédèrú wà nínú ọjà tó ń tà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dá àjọ sílẹ̀, orúkọ UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ni wọ́n fi ń bojú. UNESCO kì í fọwọ́ sí yunifásítì kankan, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sọ pé UNESCO fọwọ́ sí òun ti bá akẹ́kọ̀ọ́ parí ìwádìí.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ sí yunifásítì. Àwọn àjọ aládàáni ló ń ṣe é, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí CHEA, ìgbìmọ̀ aládàáni tó ń yẹ irú àjọ bẹ́ẹ̀ wò, ló sì ń dúró fún àwọn àjọ náà. DAPIP, ìkànnì ìjọba, máa ń fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àjọ tó fọwọ́ sí i àti déètì rẹ̀ hàn. Ní Íńdíà, àṣẹ kíkọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì dá dúró: yunifásítì lè jẹ́ ojúlówó, kí UGC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì níbẹ̀, má sì fọwọ́ sí dìgírì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń polówó. Fún orílẹ̀-èdè yòókù, WHED wà, àkójọ yunifásítì àgbáyé tí IAU, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì lágbàáyé, ń bójú tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tẹ líǹkì tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi sílẹ̀. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì. Kó wo orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó sì wo ìlú tó wà, torí àwọn ayédèrú fẹ́ràn orúkọ tó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbajúmọ̀.

Ọgbọ́n ètò yìí ni pé oníjìbìtì lè ṣe ìkànnì tó dára ju ti ojúlówó lọ, ṣùgbọ́n kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkójọ ìjọba. Àléébù rẹ̀ ni pé orúkọ tó wà níbẹ̀ lónìí lè jáde lọ́la. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà gba àṣẹ ìfọwọ́sí kúrò lọ́wọ́ ACICS, ọ̀kan lára àwọn àjọ aládàáni náà, wọ́n sì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abẹ́ rẹ̀ ní oṣù 18 láti wá onídùúró mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín ọ̀nà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn ni wàhálà náà sì já lé lórí. Èyí kò dára tó.

Síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa lo ìwé-ẹ̀rí ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Jámánì ní àkójọ tirẹ̀, anabin, níbi tí H+ ti túmọ̀ sí pé wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́ náà sí ojúlówó. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í ka dìgírì tí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì kà látòkè délẹ̀ sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń yẹ dìgírì ilẹ̀ òkèèrè wò níbẹ̀, kó dárúkọ yunifásítì, kọ́ọ̀sì àti pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kó sì tọ́jú èsì kó tó san kọ́bọ̀. Fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí òfin, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà tún ní àkójọ tirẹ̀.

Ní ti owó, iye orí kírẹ́dìtì, ìyẹn òṣùwọ̀n iṣẹ́ tó wà nínú kọ́ọ̀sì, ló ń tan èèyàn jẹ. Dọ́là 80 fún kírẹ́dìtì kan dùn-ún gbọ́ ju dọ́là 200 fún kọ́ọ̀sì kan lọ, bẹ́ẹ̀ kírẹ́dìtì mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú kọ́ọ̀sì: 240 nìyẹn. University of the People, yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn àjọ ìfọwọ́sí Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i, DEAC ní 2014, WSCUC ní 2025, ṣùgbọ́n ó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìdánwò lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì 40 ló wà nínú dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀, nítorí náà ìlọ́po 40 ni kí èèyàn ṣírò. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìdánwò lójúkojú, gbọ̀ngàn ìdánwò lè ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojúlówó sábà máa ń gba owó ní sáà sí sáà tàbí kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì. Èyí tó bá ní kí wọ́n san owó odidi dìgírì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀dínwó tó tán lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní kíláàsì kankan tó fẹ́ kọ́ni.