Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Iṣẹ́ Tí Kámẹ́rà Àlòkù Ti Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò tòkúnbọ̀ á kọ́kọ́ yọjú wo mítà rẹ̀, kó lè mọ iye kìlómítà tó ti rìn kó tó dé ọwọ́ òun. Kámẹ́rà àlòkù náà ní òǹkà tirẹ̀ nínú, àmọ́ kò sí níbi tí ojú ti lè tètè rí i. Nítorí pé ó fara sin, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra kámẹ́rà ní Lágere tàbí Sábó nílùú Ifẹ̀, bó ṣe ń dán lóde nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì sanwó. Àwọn oníṣẹ́ fótò ń pe òǹkà náà ní ṣọ́tà káúǹtì. Iye ìgbà tí ṣọ́tà kámẹ́rà ti ṣí, tó sì ti padà dé, ló ń kà.

Nínú kámẹ́rà DSLR, ìyẹn irú kámẹ́rà ńlá tí wọ́n lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, dígí kékeré kan dábùú lẹ́yìn lẹ́ńsì. Òun ló ń gbé àwòrán lọ sí ihò tí ayàwòrán ń fi ojú kan yọ́ wò. Ẹ̀yìn dígí yìí ni ṣọ́tà wà, ó bo sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ṣọ́tà ní ìbòjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Bí ìka bá ti tẹ bọ́tìnì, dígí á gbé ara rẹ̀ sókè, ìbòjú àkọ́kọ́ á sáré kúrò lójú sẹ́ńsọ̀, ìkejì á tẹ̀ lé e wá bò ó, dígí á sì padà sáyè rẹ̀. Gbogbo èyí ló wà nínú ìró kan ṣoṣo tí etí ń gbọ́. Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n ní kí ṣọ́tà ṣí fún ìdá kan péré nínú 4,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ìbòjú kejì kì í dúró de àkọ́kọ́ kó tó gbéra. Àwọn méjèèjì á jọ máa sáré, àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn ni ìmọ́lẹ̀ á máa gbà kọjá. Ohun tó ń sáré tó báyìí, tó tún gbọ́dọ̀ dúró gírí lójú kan náà, kò lè ṣe kó má gbó.

Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán ṣọ́tà wò, tí wọ́n sì ń sọ iye fótò tó yẹ kó lè yà. Nikon D90 àti Canon 6D jẹ́ 100,000. Nikon D750 àti Canon 5D Mark III jẹ́ 150,000. Nikon D850 jẹ́ 200,000, nígbà tí àwọn alágbára bíi Nikon D5 àti Canon 1D X jẹ́ 400,000. Kì í ṣe ọjọ́ ikú kámẹ́rà ni wọ́n dá yìí o. Ṣọ́tà mìíràn á kọjá iye tí wọ́n kọ sílẹ̀, á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ, òmíràn kò ní dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé kámẹ́rà tí òun fẹ́ rà ti ya 140,000, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ 150,000, yóò mọ iye tó yẹ kí òun dá lé e.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ayàwòrán kan ń lọ sí òde ìgbéyàwó kan lọ́sẹ̀, tó sì ń ya fótò 1,500 ní òde kọ̀ọ̀kan, ọdún kan péré á ti di 78,000. Ní Ifẹ̀, a ò tíì ka àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí àwọn ayàwòrán máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. A ò sì tíì ka ọjọ́ Ọlọ́jọ́. Nígbà tí Ọọ̀ni bá jáde pẹ̀lú adé Ààrẹ, kò sí ayàwòrán tó ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Canon 7D lè ya fótò mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìka bá wà lórí bọ́tìnì fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ogójì ti lọ nìyẹn, bóyá ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa fi hàn èèyàn nínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn olùrà mú jù ni nọ́ńbà orí fótò. Ẹni tó ń tà á á tan kámẹ́rà, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín, fótò 812 péré ló tíì yà.” DSC_0812 ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nọ́ńbà fáìlì kì í kọjá 9999. Bó bá dé ibẹ̀, á padà sí 0001. Nítorí náà, 0812 yẹn lè jẹ́ 812, ó lè jẹ́ 10,811, ó sì lè jẹ́ 70,805. Ẹnikẹ́ni ló tún lè dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nínú ètò kámẹ́rà. Nọ́ńbà fáìlì kì í ṣe òǹkà ṣọ́tà rárá, kò sì yẹ kí wọ́n máa fi dúnàá-dúrà.

Òǹkà gidi wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Nikon àti Pentax máa ń kọ ọ́ pa mọ́ sínú fótò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yà, pa pọ̀ pẹ̀lú ọjọ́, aago àti irú lẹ́ńsì. ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Phil Harvey ṣe, lè kà á: fi káàdì ara rẹ sínú kámẹ́rà, ya fótò kan níwájú ẹni tó ń tà á, kó o sórí láptọ́ọ̀pù, kí o sì wá ibi tí wọ́n kọ Shutter Count sí. Ètò yìí ń ka ti ọ̀pọ̀ Sony náà. Ní ti Canon, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í kọ ọ́ sínú fótò. Wáyà USB ni wọ́n fi ń so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ètò tí wọ́n ṣe fún un lè béèrè òǹkà lọ́wọ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Fótò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, torí WhatsApp máa ń fún fótò pọ̀, á sì já gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ dànù. Bó bá jẹ́ pé Èkó ni ẹni tó ń tà á wà, kó fi fótò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tàbí kó gba orí íméèlì.

Òǹkà náà ní ibi tí òye rẹ̀ mọ. Fídíò kì í fi bẹ́ẹ̀ kún un. Bí DSLR bá ń ká fídíò, dígí á wà lókè, ṣọ́tà á wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ká ju ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìnáwó oníwákàtí méjì lè máà fi ju nǹkan bíi márùn-ún kún òǹkà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ńsọ̀ ti wà nínú ooru láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kámẹ́rà bá ń lo ṣọ́tà ẹlẹ́kitíróníìkì, níbi tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ya fótò láìlo ṣọ́tà onírin, òǹkà ṣọ́tà onírin kì í lọ sókè. Nikon Z9 tó jáde ní 2021 kò tiẹ̀ ní ṣọ́tà onírin rárá. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ ṣọ́tà tàbí bọ́ọ̀dù inú kámẹ́rà, òǹkà tó wà níbẹ̀ lè máà bá ọjọ́ orí ṣọ́tà mu mọ́. Ẹ wo orí síkúrù abẹ́ rẹ̀ dáadáa: bó bá ti họ, ẹnìkan ti tú u rí.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń dán kámẹ́rà wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí òǹkà. Fi ṣọ́tà sí eré tó yá jù, kí o ya ara ògiri funfun nínú oòrùn. Bí apá kan fótò bá ṣókùnkùn ju ìyókù lọ, ìbòjú kan ti ń fà sẹ́yìn. Fi lẹ́ńsì sí f/16, kí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lè kéré, kí o ya ojú ọ̀run: àmì dúdú tó bá jókòó sójú kan náà nínú gbogbo fótò, ìdọ̀tí orí sẹ́ńsọ̀ ni. Kámẹ́rà tó bá ti la ọyẹ́ bíi mélòó kan já nílé wa kì í ṣàìní díẹ̀, ó sì ṣeé nù. Lẹ́yìn náà, dé lẹ́ńsì, kí o ya fótò nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Tó bá kún fún àmì pupa àti funfun bí ìràwọ̀, àwọn ibì kan lórí sẹ́ńsọ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́ nìyẹn.

Ojú lásán náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣini lọ́nà. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya fótò pásípọ́ọ̀tù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ọdún mẹ́rin, kí ara rẹ̀ máa dán bí tuntun, kí òǹkà sì ti fò ré kọjá 100,000. Èyí tí ara rẹ̀ ti họ nínú báàgì arìnrìn-àjò lè máà tíì yà ju 6,000 lọ. Bí méjèèjì bá jẹ́ iye owó kan náà, èyí tó họ yẹn ni kí èèyàn gbé.

Kí owó tó jáde, wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ kámẹ́rà, tó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Nikon àti Canon máa ń kọ nọ́ńbà yìí kan náà sínú fótò, ExifTool á sì gbé e jáde. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó lè jẹ́ pé kámẹ́rà mìíràn ló ya fótò tí wọ́n fi hàn ọ́, tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bó bá dọ́gba, kọ nọ́ńbà náà, òǹkà ṣọ́tà àti ọjọ́ sórí rìsíìtì, kí ẹni tó tà á sì fọwọ́ sí i níwájú rẹ.