Ẹ ò tíì béèrè, a ti ń dáhùn: kí ló dé?

"Nọ́ọ̀sì, ta ló bi yín?" Ohun táwọn ìyá máa ń sọ fún wa nìyẹn, tí abẹ́rẹ́ tuntun bá ń bọ̀ tá a wá ń kéde pé ẹ máa gbọ́ lórí WhatsApp o, wọ́n á ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, irọ́ ni. Àwọn ìyá náà á ní àwọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ṣé ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lẹ ṣe ń wí àwíjàre sílẹ̀ ni? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn ẹ̀ dáadáa.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, William McGuire, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí láwọn ọdún 1960, ìyẹn ká máa kìlọ̀ irọ́ féèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó rí i pé téèyàn bá ti kọ́kọ́ rí irọ́ kékeré, tí wọ́n sì fi ibi tó ti ń jò hàn án, èyí tó le ò ní tètè mú un, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára gan-an. A ò sì lè máa dúró dìgbà tó bá dé, torí ẹ wo Ebola 2014, òru ọjọ́ kan péré ni bíròdíkáàsì pé ká fomi iyọ̀ wẹ̀ ká tún mu ún gba gbogbo Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba fi máa sọ̀rọ̀ àwọn kan ti dèrò ọsibítù.

Àmọ́ ìfura yín nídìí, mi ò sì ní pè é ní àìmọ̀kan. Lọ́dún 1996 iléeṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn mú ní Kano, ọmọ 11 kú nínú nǹkan bíi 200 tó wà nínú ìdánwò náà, iléeṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, àwọn òbí ní wọn ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Nígbà tí Kano wá kọ àjẹsára pólíò ní 2003, ṣé ẹ rò pé wọ́n ti gbàgbé? Ní 2021 náà, tí ìjọba ti Twitter pa fún bí oṣù méje, irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣàwáwí. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ fura.

Èyí tó dáa nínú iṣẹ́ yìí kì í sọ ohun tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́ fún yín, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tanni ló ń fi hàn: kí wọ́n dẹ́rù bà yín kẹ́ ẹ má baà ronú, kí wọ́n wá ẹnì kan di gbogbo ẹ̀bi rù. Àwọn ará Yunifásítì Cambridge àti Google ṣe fídíò kéékèèké lórí ẹ̀, èsì ẹ̀ jáde ní 2022, lórí YouTube àwọn tó dá ẹ̀tàn mọ̀ fi nǹkan bíi ìdá 5 nínú 100 lé sí i. Kò pọ̀, ó sì máa ń ṣá tó bá yá, ẹni tó bá ní ó ń wo gbogbo ẹ̀ sàn ń pa irọ́ fún yín.

Nítorí náà ẹ bi wá: ta ló sanwó ìkéde yìí? Èwo ló jóòótọ́ nínú àhesọ náà? Abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá 2023 fáwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, apá máa ń dùn wọ́n, ara àwọn kan máa ń gbóná díẹ̀, òòyì lè kọ́ òmíì lójú ẹsẹ̀. Àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ ọ́, torí tó bá jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru tára ọmọ ń gbóná lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ẹ ò ní gbà wá gbọ́ mọ́, WhatsApp lẹ máa gbà gbọ́. Òṣìṣẹ́ tí ò bá lè dáhùn, ẹ má tíì na apá ọmọ sí i, ẹ ní kó pe ọ̀gá ẹ̀ wá.