Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ “diminution” nínú Gẹ̀ẹ́sì àkọsílẹ̀

Ẹni tó ń kọ ìwé ẹjọ́, lẹ́tà ẹ̀hónú tàbí àbọ̀ ìwádìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wá ọ̀rọ̀ tó wúwo ju “reduction” (àdínkù) lọ, “diminution”, tí òun náà túmọ̀ sí dídínkù, ni yóò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi tí “reduction” bá wọ̀ ni òun náà máa ń wọ̀. A máa ń lo “reduction” fún ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ gé kù, bí owó ọkọ̀ tàbí iye òṣìṣẹ́. Ohun tí a kò lè fi ọwọ́ mú ni “diminution” bá rẹ́ jù: agbára, iyì, ẹ̀tọ́, iye tí nǹkan tó lọ́jà. “A diminution of his authority” já gaara. “A diminution of bus fares” kò dán mọ́rán rárá.

Àwọn lọ́ọ́yà ló ń lò ó jù, nínú gbólóhùn “diminution in value”, ìyẹn dídínkù iye tí nǹkan tó lọ́jà. Ẹ wo ẹjọ́ Ruxley Electronics àti Forsyth, tí House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1995. Forsyth ní kí ilé-iṣẹ́ Ruxley gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 6, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni wọ́n gbẹ́ fún un. Ó fẹ́ gba owó tí yóò fi tún un gbẹ́, tó lé ní 21,000 pọ́n-ùn. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rí i pé kò séwu nínú adágún ọ̀hún, àti pé iye rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ dín. Ó wá ní kí wọ́n fún Forsyth ní 2,500 pọ́n-ùn gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú, House of Lords sì fọwọ́ sí i. Ohun tí téèpù lè wọ̀n dín kù níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí “diminution in value”.

Bí a bá fẹ́ sọ ohun tó dín, “in” tàbí “of” ló ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Bí iye tó fi dín bá tún wà níbẹ̀, “of” ni a ń fi síwájú iye yẹn, kí “in” wá síwájú ohun tó dín: “a diminution of 10 per cent in the value of the land”.

Àṣìkọ “dimunition” wọ́pọ̀ gan-an, nítorí pé “ammunition” ti mọ́ ọwọ́ lára. “Min” ló ń tẹ̀ lé “di”, “min” kan náà tó wà nínú “minus” àti “minor”.

Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni “diminish”, òun sì gbòòrò díẹ̀ jù ú lọ. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787 sọ nípa owó oṣù àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ pé “shall not be diminished”, bẹ́ẹ̀ owó ṣeé kà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé òde òní tó ń kọ̀wé nípa owó oṣù yóò lo “reduced”, ohun tó yẹ kó lò náà nìyẹn.