Ìjẹ́rìí ará ìta lórí ẹ̀rọ àpatì: ẹ yé pè é ní “òmìnira”

Àwọn kan gbé ìwé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Kàbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn wo Yorùbá inú ẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni “ìfìdímúlẹ̀ òmìnira ti ìsọnù àwọn ohun ìní kọ̀ǹpútà tó ti fẹ̀yìntì”. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti 2008, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ àfìgbà tí mo dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì lórí mi: “independent verification”, kí ẹlòmíì wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì kó dànù run tòun ti ohun tó wà nínú ẹ̀. Yorùbá tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì lèèyàn máa fi tú u kó tó yé e, ta la wá kọ ọ́ fún?

Mo pe ọmọkùnrin tó túmọ̀ ẹ̀. Ó ní “ẹ̀gbọ́n, ìwé atúmọ̀ èdè ni mo wò o, òmìnira ló wà níbẹ̀”. Mo ní àbúrò, òmìnira ni Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, òmìnira lẹni tó wà lẹ́wọ̀n ń wá, ta ló wá de ẹni tó fẹ́ yẹ kọ̀ǹpútà wò mọ́lẹ̀? Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń sọ ni pé ẹni tó wá wò ó kì í ṣe ará ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ará ọ̀dọ̀ kọ̀ngílá tó kó o lọ. Ará ìta ni. “Ìsọnù” tún burú jùyẹn lọ, torí tí mo bá ní ẹrù mi sọnù, mò ń wá a ni, mi ò fọwọ́ ara mi gbé e fún ẹnìkan. Fẹ̀yìntì ńkọ́? Èèyàn ló ń fẹ̀yìntì, tó ń ti ibí lọ sí Lọ́kọ́ja tìtorí owó ìfẹ̀yìntì.

Àwọn ará ọjà máa ń pè é ní ẹ̀rọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ̀rọ̀ yẹn yé gbogbo èèyàn, òun gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀, torí téèyàn bá ti gbọ́ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á rò pé ẹ̀mí ò sí lára ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì kó dànù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ṣì ń tan, hard disk inú ẹ̀, ìyẹn ibi tí fáìlì ń gbé, ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ń pè é ní ẹ̀rọ àpatì. Wọ́n pa á tì ni, kò tíì kú, ẹni tó pa á tì ṣì wà láyé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Tíṣà kan ní Ìsánlú, àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi, ní àwọn fara mọ́ “àyẹ̀wò adádúró”. Ó sàn ju òmìnira lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mi ò lè gbà á. Kọ̀ngílá náà lè dá dúró, kó dá ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ ní, kó má gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò yẹ kó jẹ́rìí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Ibi tẹ́ni náà dúró sí là ń wò. Bàbá tún ní “ìta” máa jẹ́ káwọn èèyàn rántí ọmọ ìta, mo ní rárá o. Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ bàbá wa, ẹnìkan láti ìdílé mìíràn tí kò ní nǹkan kan láti jẹ níbẹ̀ ni wọ́n pè, ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbin pèrègún sí ààlà, òun náà la sì tún lọ bẹ̀ nígbà tí ìjà dé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọmọ ìta. Ẹlẹ́rìí ìta ni, iṣẹ́ tó ṣe ni ìjẹ́rìí ará ìta, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí, á tètè yé e. Àrùn wọ ọgbà ẹ, igba adìyẹ kú mọ́jú. O pe ọmọkùnrin kan, o fún un lówó pé kó lọ gbẹ́ kòtò kó sin wọ́n. Nírọ̀lẹ́ ó dé, ó ní òun ti sin gbogbo ẹ̀, ó tiẹ̀ kọ ìwé fún ẹ. Ọjọ́ ọjà pé, adìyẹ yíyan kún ọjà, ó pọ́n dáadáa, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Ìwé ọwọ́ ẹ ò lè sọ bóyá adìyẹ ẹ ni. Ẹni tó lè sọ ọ́ lẹni tó ka igba náà kó tó kúrò lọ́gbà, tó tẹ̀ lé e dé etí kòtò, tó tún un kà bó ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀, ìwọ lo sì sanwó fún un, kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn. Tí igba bá jáde tí ọgọ́sàn-án wọ kòtò, ogún ti wà lọ́jà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fi síríà nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, rọ́pò kíkà, ohun náà ni. Ẹlẹ́rìí ìta á kọ nọ́ńbà hard disk kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò ní ọ́fíìsì, á fi wé èyí tó dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, á ṣà díẹ̀ lára èyí tí wọ́n ní àwọn ti nù mọ́, á gbìyànjú bóyá fáìlì ṣì lè yọ. Ìwé NIST 800-88, ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe ń pa ohun inú ẹ̀rọ rẹ́, ya oríṣiríṣi nínù àti fífọ́ sọ́tọ̀, mi ò ní í dúró lórí ìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà má fi máágínẹ́ẹ̀tì nu SSD, oríṣi tuntun tí kì í fi máágínẹ́ẹ̀tì tọ́jú fáìlì, kò ní í mú un. Basel Action Network, àjọ tó ń tọpa ẹ̀rọ tí wọ́n kó dànù, tiẹ̀ fi GPS tó ń sọ ibi tí nǹkan wà pamọ́ sínú ẹ̀rọ àpatì 200 kí wọ́n tó kó wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, GPS ló tọ́ka sí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló kọjá sí òkè òkun, Hong Kong sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ.

Àwọn olówó náà ti kàgbákò nídìí ẹ̀. Ní 2016 Morgan Stanley, báǹkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, pa ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá méjì dé, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn akẹ́rù tí kò mọ nǹkan kan nípa píparun dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, àwọn yẹn jẹ́ kí ẹ̀rọ di ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tòun ti dátà oníbàárà nínú ẹ̀. Ẹnìkan ní Oklahoma tó ra lára hard disk ọ̀hún ló kọ̀wé sí wọn ní 2017. Ìtanràn $60 mílíọ̀nù ní 2020, $35 mílíọ̀nù ní 2022. Òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn ní Nàìjíríà náà ti wà láti 2023, kò sì ní í gbà kéèyàn kàn ti ẹ̀bi sọ́rùn kọ̀ngílá.

Ọdún méjì sẹ́yìn mo ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin lọ́wọ́ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kan níbí. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ téèyàn fi ń wá fótò tó ti pa rẹ́ ni mo fi sí ọ̀kan, kò tó wákàtí kan tí fódà fi yọ: orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì, fótò pásípọ́ọ̀tù. Mo rí ìyá tó kọ́ mi ní pírámárì kẹta níbẹ̀, gèlè aláwọ̀ ewé lórí wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti owó oṣù wọn nísàlẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ni ín, ọ̀gá ibẹ̀ fa sátífíkéètì yọ pẹ̀lú sítáǹpù pupa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo hard disk ti di túútúú. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni nọ́ńbà kejìdínlógún nínú lísìtì wọn. Ẹni tó kó o lọ ló kọ ìwé, òun náà ló buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá gan-an nìyẹn, àgbà òṣìkà. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá wá dírílì wá. Ihò mẹ́ta ni wọ́n lu sí i lójú mi, mo kọ síríà nọ́ńbà ẹ̀ sínú ìwé wọn, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀, mo wá kọ iṣẹ́ tí mo ṣe síwájú orúkọ náà: ẹlẹ́rìí ìta.