Ẹ Má Gé Ìdí Olú Sọnù

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn mẹ́rin ni ó fi àwòrán olú ránṣẹ́ sí mi pé ṣé ó ṣeé jẹ, gbogbo wọn ni ó sì ya àwòrán náà láti òkè, bí ẹni tó ya fìlà tí ó fi ẹni tó dé e sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi olú ṣe iṣẹ́ ṣe láti ìgbà pípẹ́, n kì í dárúkọ olú láti orí rẹ̀ nìkan.

Ìdí ni kí ẹ wò. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ilẹ̀ ni kí ẹ wa yí i ká, kí ó lè jáde tòun ti ohun tó wà nísàlẹ̀. Inú àpò funfun kan tó fẹ́lẹ́ ni Amanita phalloides, olú apani paraku, ti máa ń yọ jáde, àpò náà a sì kù sí ìdí rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ olú ti gé ẹ̀rí sọnù.

Àpò nìkan kò sì parí ọ̀rọ̀, nítorí pé Volvariella volvacea, olú aládùn tí wọ́n ń gbìn lórí pòròpórò ìrẹsì ní Éṣíà, ní àpò tirẹ̀, èyí sì ti tan àwọn kan tí wọ́n ṣí láti ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà jẹ: wọ́n rí Amanita, wọ́n rò pé olú ilé àwọn ni. Ètù wọn, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ láti abẹ́ orí olú, ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ da orí olú tó ti là dé bébà tí ìlàjì rẹ̀ funfun, tí ìlàjì sì dúdú, kí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Ètù Volvariella a pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ti Amanita a funfun báláú. Èyí tí kò bá tíì là, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ta ni ó kọ́kọ́ sọ fún yín pé ṣíbí fàdákà a máa dúdú nínú ọbẹ̀ olóró? Irọ́ ni. Wọ́n ní ohun tí ìgbín bá jẹ, ènìyàn lè jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ ìgbín kọ́ ni ẹ̀dọ̀ yín. Bí ẹ se Amanita yìí, bí ẹ sá a gbẹ, oró inú rẹ̀ tó ń jẹ́ amanitin kò ní kúrò.

Ọkùnrin kan jẹ ẹ́ lálẹ́, kò sì bì títí di ìdájí, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí èébì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì, ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn ní àgbo òun ló ṣiṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ sílé. Mo ti tú èérún olú tí ìyàwó rẹ̀ kó wá nínú ọ̀rá wò, mo sì ti rí àjákù àpò kan níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Mo bẹ àwọn dókítà kí wọ́n má dá a sílẹ̀. Aláìsàn náà bínú sí mi, ó ní ara òun ti yá, ebi ni ó ń pa òun. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin, funfun ojú rẹ̀ ti di yẹ́lò, kò sì dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́.