Ìgbà tí ipò kẹjọ dára ju ìkẹrin lọ

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ìdíje touring car sábà máa ń bi àwa tí à ń tún ọkọ̀ eré ṣe pé, kí ló dé tí ẹni tó yára jù kì í fìgbà gbogbo gba ife? Ẹ jẹ́ ká fi Andy Priaulx ṣàlàyé, ọmọ erékùṣù Guernsey tó fi BMW gba ife àgbáyé lọ́dún 2005, 2006 àti 2007 léraléra.

Irú ọkọ̀ tí à ń wà lọ sọ́jà ni touring car, àmọ́ wọ́n ti kó àga ẹ̀yìn rẹ̀ dà nù, wọ́n sì fi páìpù irin ṣe inú rẹ̀ bí àgò, kí awakọ̀ má bàa fara pa bó bá dojú dé.

Àwọn olùṣètò kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa fakọ yọ. Bí o bá ń ṣe dáadáa, wọ́n á di irin kún ọkọ̀ rẹ fún ìdíje tó ń bọ̀. Irin yẹn kì í ṣeré o! Tẹ bíréèkì níbi tí o ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ á ré kọjá kọ́nà. Táyà á gbóná, agbára rẹ̀ á sì tán kí eré tó parí. Awakọ̀ tó gbọ́n á tètè tẹ bíréèkì, á gba máàkì tó bá rí, á sì máa lọ.

Òfin kejì ló wá dùn jù. Ìdíje méjì ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan nígbà náà. Ẹni mẹ́jọ tó bá síwájú nínú àkọ́kọ́, wọ́n á yí ètò wọn sódì fún ìkejì: ẹni kẹjọ á dúró níwájú pátápátá. Máàkì 10 ni ti olúborí, 1 ni ti ẹni kẹjọ.

Nígbà tí wọ́n dé Macau, ìlú kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, fún ìdíje tó kẹ́yìn ọdún ní November 2007, máàkì 81 ni Priaulx ní, 81 náà ni Yvan Muller ará Faransé ní. Títì ìlú ni wọ́n ti ń sáré níbẹ̀, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì, ó ṣòro láti ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Muller ló ń síwájú nínú ìdíje àkọ́kọ́, àfi bí ọkọ̀ SEAT rẹ̀ ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí. Priaulx ṣe ipò kẹjọ. Máàkì kan péré, ṣùgbọ́n òun ló máa dúró níwájú nínú ìkejì.

Táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti BMW. Bí ó bá gbéra láti ojú kan tó dúró sí, ìwúwo rẹ̀ á fì sẹ́yìn, á tẹ táyà yẹn mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á fò síwájú. SEAT, tí táyà iwájú ń fà, kò ní àǹfààní yẹn. Priaulx gba ìdíje kejì, ó sì parí ọdún náà pẹ̀lú máàkì 92 sí 81.

Kì í ṣe gbogbo ìdíje ló ń yí ètò sódì báyìí, ẹ kọ́kọ́ wádìí. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ẹ gbójú kúrò lára ẹni tó síwájú ní ìyípo ìkẹyìn, kí ẹ wo ìjà ẹni kẹjọ àti ẹni kẹsàn-án.